Akọ̀wé Tí Kò Yọ Ọ̀kan Wò

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá àwọn ẹlòmíràn rántí nǹkan. Akọ̀wé ni, ní ilé ìwòsàn kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Àìsàn yìí kì í fi ọmọ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọmọ a máa sáré lónìí, egungun a máa ro ó lọ́la bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá kì í ṣe ìtàn lásán. Irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára, oògùn tó bá a lára mu, oògùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ mọ gbogbo rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Akọ̀wé yìí ló ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ó tó dé ibẹ̀, orí káàdì ni wọ́n ń kọ nǹkan sí. Yàrá káàdì wà lẹ́yìn ilé. Òjò a máa jò sí i, ikán sì ti jẹ apá kan. Akọ̀wé ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọdún méjì ló fi jókòó tẹ̀ ẹ́, káàdì kan tẹ̀lé òmíràn, títí ojú fi ń ta á. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun mọ irú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n kò rántí ọjọ́ ìbí ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí ó tẹ èyí tó kẹ́yìn tán, wọ́n kó àwọn káàdì náà jáde, wọ́n sun wọ́n. Akọ̀wé dúró wo èéfín wọn títí ó fi tán. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Èèyàn dáadáa ni. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í sì í fi ohùn líle bá ìyá ọlọ́mọ sọ̀rọ̀. Mò ń sọ èyí kí o má baà rò pé ìtàn ọ̀lẹ ni mò ń sọ fún ọ.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà kún. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí fáìlì ọmọ kan, wọn á dúró títí yóò fi sú wọn. Ilé ìwòsàn ra àpótí ìpamọ́ kan, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó fáìlì kọ̀ǹpútà pamọ́ sí, wọ́n gbé e sí ilé oògùn ní òdìkejì àgbàlá, kí ó lè jẹ́ pé bí iná bá jó ibi kan, kò ní jó ibi kejì. Wọ́n sì ra ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa kó fáìlì láti inú kọ̀ǹpútà lọ sínú àpótí náà fúnra rẹ̀, ní àkókò tí ènìyàn bá dá fún un. Bí a bá ti ṣètò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ń fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, akọ̀wé jókòó láti ṣètò rẹ̀. Ètò náà ń bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà sì ń dáhùn. Ó bi í pé kí ni kí òun máa kó. Akọ̀wé ní fáìlì ọmọ tí a kò bá ti ṣí fún ọdún kan gbáko. Ó bi í pé níbo ni kí òun máa kó o lọ. Akọ̀wé tọ́ka sí àpótí inú ilé oògùn. Ó bi í pé ọjọ́ wo, aago mélòó. Akọ̀wé ronú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn ìyá ń kó ọmọ wá, kò lè jẹ́ ọjọ́ náà. Ó mú ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí èrò bá ti tú. Ó bi í pé bí òun bá kó fáìlì dé ibẹ̀ tán, ṣé kí òun pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àyè ni wọ́n ń wá.

Ó ku ìbéèrè kan. Ètò náà bi í pé títí di ìgbà wo ni kí òun pa ohun tí òun kó mọ́. Nọ́ńbà kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àwọn tó ṣe ètò náà kọ sí i: àádọ́rùn-ún ọjọ́. Akọ̀wé wo nọ́ńbà náà. Ó ṣe é bí ẹni pé ó yẹ kí òun béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ìlú ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bóyá ìròyìn iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe, kì í ṣe fáìlì, ni wọ́n fẹ́ pa mọ́ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, àti pé àwọn tó ṣe nǹkan kò ní kọ nọ́ńbà tí kò dára sí i. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ wọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́ta bá ti lù ní ọjọ́ Ẹtì, ètò náà a jí, a ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù akọ̀wé: Iṣẹ́ ti parí, kò sí àṣìṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀, akọ̀wé a máa ka ọ̀rọ̀ náà tán. Nígbà tó yá, àmì aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń wò. Nígbà tó tún yá, kò wo ìyẹn pàápàá mọ́. Bí fóònù náà bá ti dún lápò rẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Àwọn akọ̀wé ilé ìwòsàn méjì láti ìlú mìíràn wá kọ́ bí ó ṣe ṣe é. Ó kọ́ wọn tayọ̀tayọ̀, ó sì sin wọ́n dé ìdí ọkọ̀.

Olórí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jẹ́ obìnrin tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Òun ló ń bójú tó yàrá káàdì láyé ijọ́un. Lọ́jọ́ kan tí òun àti akọ̀wé jọ ń jẹ àgbàdo lábẹ́ igi, ó ní: “Nígbà tí káàdì wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń yọ ọ̀kan wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ikán ti dé ibẹ̀. Ìwọ ńkọ́, o máa ń yọ ọ̀kan wò?”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un pé ikán kì í jẹ irú èyí, àti pé bí ohunkóhun bá bàjẹ́, ètò náà fúnra rẹ̀ yóò wí. Ìyá náà ní òun gbọ́. Kò sọ̀rọ̀ náà mọ́, nítorí kò fẹ́ kí ó dà bíi pé òun ń bá ohun tí òun kò mọ̀ jà. Nígbà tí ọdún yí, ó fẹ̀yìn tì, ó lọ sí ìlú rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú oṣù tí ọyẹ́ ń fẹ́, ìyá àgbà kan pọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wá. Mosúnmọ́lá ni ọmọ náà ń jẹ́. Ó ti tó ọdún méjì àti ààbọ̀ tó ti ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ìsinmi ló wá lò lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Òtútù mú un, egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ara rẹ̀ gbóná, àyà sì ń dùn ún bí ó bá mí. Ìyá àgbà kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀ tó ti ń sọ fún dókítà pé oògùn kan wà tí ọmọ yìí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, wọ́n fún un níbí yìí náà, ọ̀fun rẹ̀ wú, díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Dókítà béèrè orúkọ oògùn náà. Ìyá àgbà ní òun kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé wọn, ojú òun ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Dókítà tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti kọjá sókè òkun. Dókítà tuntun ní kí wọ́n bá òun mú fáìlì ọmọ náà wá.

Akọ̀wé gbọ́ orúkọ ọmọ, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀. Nítorí irú ọjọ́ báyìí ló ṣe ṣe gbogbo làálàá náà. Ó tẹ orúkọ. Kọ̀ǹpútà ní kò sí. Ó rántí pé yóò ti lọ sínú àpótí ìpamọ́, ó ṣí ibẹ̀. Àwọn fáìlì tó rí kò ju ogún lọ. Ó rò pé ibòmíràn ni àwọn yòókù wà. Ó wá òkè, ó wá ìsàlẹ̀. Ó wo ọjọ́ tó wà lára èyí tó pẹ́ jù nínú wọn. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó débẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò ó. Ìgbà náà ni àádọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn padà sí i lójú, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí i lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ń fọn fèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo, ó ń kó fáìlì lọ pamọ́ bí wọ́n ṣe ní kó kó o. Ó ń pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó pa á. Bí àádọ́rùn-ún ọjọ́ bá sì pé, a pa èyí tó wà nínú àpótí rẹ́ pẹ̀lú, bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ kó ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ti parí. Òtítọ́ ló ń sọ ní gbogbo ìgbà. Akọ̀wé ni kò bi í ní ohun tó yẹ kó bi í.

Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní dókítà ń dúró. Akọ̀wé gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé ẹ̀rọ ń lọ́ra lónìí. Nọ́ọ̀sì padà.

Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn ju bí ó ṣe rò lọ. Kò sí ẹnì kan nínú ọgbà náà tó mọ ìdí ètò yẹn bí kò ṣe òun. Bí ó bá ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ẹ̀rọ ló bàjẹ́ náà nìyẹn. Wọn yóò kí i pé kú ìrọ́jú. Bóyá wọn yóò tilẹ̀ ra òmíràn fún un. Ó jókòó ti èrò yìí fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ọmọ náà sì ń ké ní yàrá kejì. N kò ní purọ́ fún ọ pé ìgboyà ló gbé e dìde. Ohun tó gbé e dìde ni pé ó yé e wàyí pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá rò pé fáìlì ń bọ̀, kò sí ẹni tí yóò wá ọ̀nà mìíràn.

Ó lọ bá dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà. Ó ní: “Dókítà, fáìlì náà kò sí mọ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣe é. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀ tí kò dáa, mi ò sì padà wò ó rí. Ẹ má dúró dè mí mọ́.”

Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. Wọ́n fa omi sí ọmọ náà lára, wọ́n fi aṣọ bò ó kí ó lè móoru, wọ́n fún un ní oògùn ìrora tí ìyá àgbà mọ̀ pé ó ń lò nílé. Oògùn tí yóò bá wọn pa kòkòrò inú àyà rẹ̀ ni wọn kò lè fún un. Oríṣi méjì ló wà nílé oògùn, dókítà kò sì mọ èyí tó jẹ́ ikú nínú méjèèjì. Wọ́n pe ìyá ọmọ lórí fóònù, kò gbé e. Olùkọ́ ni, ó sì tún ń kàwé sí i. Ìdánwò ló ń ṣe lọ́jọ́ náà, ìdí tó fi fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì ti gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Akọ̀wé kò padà sí yàrá rẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, ó ń pe nọ́ńbà náà. Bí ó bá dún tán, a tún un pè. Ìyá àgbà kò bú u. Nígbà tó pẹ́, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

“Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ há orúkọ oògùn náà sórí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, pé ẹ ti bá wa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí tí mo fi gbàgbé rẹ̀ nìyẹn.”

Akọ̀wé tún nọ́ńbà náà pè. Kì í ṣe ẹlòmíràn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá náà lọ́jọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá kí ìyá ọmọ náà tó gbé fóònù. Wọn kò bi í tán tó fi sọ orúkọ oògùn náà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú méjì yẹn, èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Dókítà fún ọmọ ní ìkejì. Ọjọ́ mẹ́fà ni Mosúnmọ́lá lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí márùn-ún tí wọ́n fi dúró kò ṣe é lóore. Ní ọjọ́ kejì, èémí rẹ̀ le débi pé ìyá rẹ̀, tó ti wọkọ̀ dé, kò lè dúró nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ó yè é. Ní ọjọ́ keje, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni akọ̀wé yí nọ́ńbà ètò náà padà, ó ní kí ó máa pa wọ́n mọ́ láìlópin. Nígbà tí aago mẹ́ta ọjọ́ Ẹtì lù, fóònù rẹ̀ dún gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, pé kò sí àṣìṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ara rẹ̀ kò fúyẹ́. Ó ṣí àpótí, ó fa fáìlì kan jáde láìṣà, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó tó lọ sílé. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Ẹtì kan tí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pè é. Kì í ṣe ènìyàn búburú, orúkọ ilé ìwòsàn ló ń rò. Ó ní ohun tó sọnù ti sọnù, kí wọ́n kàn sọ fún àwọn òbí pé ẹ̀rọ bàjẹ́, kí iṣẹ́ máa lọ. Akọ̀wé ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a bá ní ẹ̀rọ ni, wọn yóò bá wa kẹ́dùn, wọn yóò sì lọ jókòó sílé. Bí wọ́n bá mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wa mọ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rántí.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí àwọn ìyá kún àgbàlá, ó dìde níwájú wọn, ó sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Kò fi iyọ̀ sí i. Àwọn kan pariwo. Bàbá kan ní kí wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gbè é. Akọ̀wé dúró títí wọ́n fi sọ tiwọn tán. Ó ní bí wọ́n bá lé òun, ó tọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wá ilé wọn wá, kí òun tún ohun tó sọnù kọ.

Ó mú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń gba orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi wé ohun tó kù. Fáìlì òjìlúgba ó dín méjì ni kò sí mọ́. Ó ra ìwé ẹlẹ́yìn líle mẹ́ta. Bí iṣẹ́ bá parí ní ìrọ̀lẹ́, àti ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, a máa lọ láti ilé dé ilé. Ìyá kan fa páálí oògùn tó ti pọ́n yọ lábẹ́ ẹní. Òmíràn ní ìwé pélébé kan tí dókítà kọ, ó ti fi wé owó wẹ́wẹ́ mọ́ ìdí aṣọ láti ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ orúkọ oògùn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwọ̀ rẹ̀, wọ́n mọ bí ó ṣe korò tó, wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tí afárá já ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára. Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀. Bàbá tó ní kí wọ́n lé e kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún un. Ó padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, bàbá náà gbé àga fún un, kò sì kí i. Ó sọ ohun tó mọ̀, ó wọlé.

Ní abúlé kan lẹ́yìn òkè, ó bá obìnrin kan tó ń yan gààrí. Ó kí i, ó ní òun wá nítorí Oyèladùn. Obìnrin náà dá ọwọ́ dúró. Ó ní Oyèladùn ti kú, ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin.

Akọ̀wé kí i kú àmúmọ́ra. Ojú tì í, ó fẹ́ padà. Obìnrin náà ní kí ni ó fẹ́ bi òun ná. Ó sọ fún un pé fáìlì ọmọ náà wà nínú èyí tó ti ọwọ́ òun sọnù, òun sì ń tún wọn kọ, ṣùgbọ́n kò pọn dandan mọ́. Obìnrin náà fa igi jáde lábẹ́ agbada. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

“Jókòó kí o kọ ọ́,” ó wí. “Mi ò ní àwòrán rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, ó kéré tán, ó wà nínú ìwé níbì kan pé ọmọ kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó sọ ìwọ̀n rẹ̀, ó sọ oṣù tó hu eyín. Ó sọ gbogbo ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, àti nọ́ọ̀sì tó ṣe é. Ó sọ bí ọmọ náà ṣe máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni òun fi ń yí táyà. Akọ̀wé kọ ojú ewé mẹ́rin. Kò sí dókítà kan tí yóò lò ó láé. Kí ó tó dìde, ó kà á padà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà tún ọjọ́ kan ṣe tí ó ṣì kọ. Lẹ́yìn náà ó ti igi padà sábẹ́ agbada, ó ń yan gààrí rẹ̀ lọ, akọ̀wé sì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ìwé náà láyà.

Oṣù mẹ́sàn-án ló gbà á. Ó rí igba ọmọ ó lé mọ́kànlá. Àwọn yòókù ti ṣí lọ, kò rí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n gbà. Wọn kò lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá yìn ín nítorí iṣẹ́ náà, a máa ka iye tí kò rí fún un.

Arákùnrin mi, ìwọ náà mọ̀ pé n kò pè ọ́ jókòó nítorí kọ̀ǹpútà. O wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní bàbá rẹ ń bínú sí ọ láìnídìí. O ní láti ọdún mẹ́rin tí ìyá yín ti kú, kò sí oṣù kan tí o kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i nílé. O bá dẹ́rẹ́bà ṣe àdéhùn, ó ń gbé e lọ, ó ń pè ọ́ pé ó ti dé. Mo gbà ọ́ gbọ́. N kò rò pé oṣù kan yẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni o jókòó tì í kẹ́yìn, kí o wo bí ó ṣe ń jẹun? Ǹjẹ́ o mọ̀ bóyá eyín rẹ̀ ṣì gba iṣu tí ò ń fi ránṣẹ́? Ta ló ń bá a gún un? Ó lè jẹ́ pé ó ń jẹ ẹ́, ó sì lè jẹ́ pé gbogbo ohun tí o fi ránṣẹ́ láti ọdún tó kọjá ló ń hù nínú àká. Ìwọ kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀. Èyí tó burú jù ni pé àwọn àbúrò rẹ fọkàn balẹ̀ nítorí rẹ. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ń tọ́jú bàbá. Nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ò ń ṣe é, kò sí ẹni tó ń lọ mọ́.

Má fi kún ẹrù oṣù yìí. Má sì pè é láti sọ fún un pé ò ń bọ̀, nítorí yóò gbálẹ̀ dè ọ́, yóò sì wọ aṣọ dáadáa. Kàn lọ. Wọ inú ibi tó ń sè oúnjẹ, kí o ṣí ìkòkò. Bí ohun tí o bá níbẹ̀ bá dára, kí o dúpẹ́. Bí kò bá dára, má di ẹ̀bi ru dẹ́rẹ́bà, má sì dì í ru ọjọ́ ogbó. Sọ fún bàbá rẹ pé ìwọ ni o kò wá wò ó. Lẹ́yìn náà kí o jókòó, kí ó máa sọ ọ́, kí o máa gbọ́, títí yóò fi tán.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ máa ń gbéra ní aago méje. Bí o bá tètè sùn, wàá bá a.